Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ran ọ̀dọ́ onísáyẹ́ǹsì tó rí ẹranko tuntun lọ́wọ́, ẹ yéé ṣe báyìí

Tí ọmọ kan bá ti inú igbó dé tó ní òun rí àkèré kan tí ò jọ èyí táwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀ rí, a máa ń pàtẹ́wọ́, a ya fọ́tò, a fún un lówó mọ́tò, ó tán. Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn. Kéèyàn rí ẹranko yẹn ò le tó kó kọ àpèjúwe ẹ̀ jáde. Àwọn onímọ̀ kan ní Paris ṣírò ẹ̀ ní 2012, wọ́n ní látìgbà tí wọ́n bá ti mú ẹranko kan di ìgbà tó máa gba orúkọ, ọdún 21 ni ní ìpíndọ́gba. Ọdún 21 o!

Ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ fi àkèré tiẹ̀ wé holotype àwọn tó jọ ọ́, ìyẹn ẹyọ kan pàtó tí orúkọ dúró lé lórí, ọ̀pọ̀ tó sì jẹ́ ti Áfíríkà ló wà ní mùsíọ́mù London, Paris àti Tervuren ní Bẹ́ljíọ̀mù, torí náà físà ńkọ́, tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́, owó àyẹ̀wò DNA ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kówó sí.

Ẹ má ra fọ́màlíìnì, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú ẹranko jẹrà, nìkan fún wọn. Ó máa ń ba DNA jẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ gé ẹran díẹ̀ sínú ethanol 95%, ìyẹn ọtí líle tí wọ́n ń lò ní láàbù, ná. Mo mọ ọmọ kan tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rìn nínú ẹrẹ̀, fọ́màlíìnì nìkan ni wọ́n rà fún un, nígbà tó dé láàbù wọn ò rí nǹkan kan yọ. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n sáré gbé orúkọ tuntun sórí Facebook. Lójú òfin ICZN, ìyẹn àjọ tó ń ṣòfin orúkọ ẹranko lágbàáyé, orúkọ tí ò ní àpèjúwe ò tíì di orúkọ, ẹlòmíì lè tẹ tiẹ̀ jáde ṣáájú. Tó bá sì jẹ́ jọ́nà orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni, àfi kí wọ́n forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ZooBank, ìyẹn àkọsílẹ̀ orúkọ ẹranko tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tó jáde, látọdún 2012 lòfin yẹn ti wà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti ọ̀gá tó ń fi orúkọ tiẹ̀ ṣáájú lórí iṣẹ́ ọmọ. Orúkọ ẹni tó kọ àpèjúwe kì í kúrò lára ẹranko mọ́. Ẹ wo ẹyẹ Ìbàdàn wa, Malimbus ibadanensis Elgood, 1958, Elgood tó ń kọ́ni ní University College Ìbàdàn nígbà yẹn ló kọ àpèjúwe ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Kí lẹ ṣe fẹ́ gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó ṣiṣẹ́ ẹ̀?

Tí ẹranko náà bá sì ń lọ sókè òkun, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kó tó kúrò, kí díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n mú kù nílé. Mùsíọ́mù tó ń tọ́jú irú wọn wà ní OAU n'Ífẹ̀.