Ojú tó ń ta, tó ń ro, tí ò lọ bọ̀rọ̀: ohun tó ń fà á àti bẹ́ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi n'Ífẹ̀ níbí, ẹ̀yin tẹ́ẹ ń tẹ project fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yin télọ̀ tẹ́ẹ ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, ẹ̀yin tó jẹ́ pé orí fóònù lẹ ti ń tajà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ojú á máa ta, á máa ro, iwájú orí á máa fọ́, tẹ́ẹ bá sì gbójú sókè wo òdìkejì títì, gbogbo ẹ̀ á ṣe bàìbàì fúngbà díẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé ká yà ní kẹ́míìsì, ká ní kí wọ́n fún wa lóògùn ojú, wọ́n á fún wa ní ìgò kékeré kan, a ó sì máa kán an títí á fi tán. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ torí ó ń bà mí lẹ́rù.

Àwọn kan nínú oògùn ojú wọ̀nyẹn ní steroid nínú. Ẹ ka ara páálí ẹ̀, tẹ́ẹ bá rí dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone, steroid nìyẹn. Ó máa ń jẹ́ kí ojú pupa wálẹ̀ kíákíá, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ bá ń kán an fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìsí dókítà tó ń ṣọ́ yín, ó lè mú kí omi inú ẹyinjú máa fún ojú mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, kó di glaucoma, ìyẹn àrùn tó ń ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́, ó sì tún lè fa kataráàtì, ìyẹn kí inú ẹyinjú ṣú bàìbàì. Ibi tí glaucoma bá ti bà jẹ́ nínú ojú, kò sóògùn tó lè dá a padà. Èyí tó jẹ́ pé ṣe ló kàn ń mú ojú funfun náà, irú naphazoline, tẹ́ẹ bá lò ó pẹ́ tẹ́ẹ wá jáwọ́, ojú lè tún pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, omi ọyàn, omi ṣúgà, omi iyọ̀, ìtọ̀, ẹ má da ọ̀kankan sójú, ẹnikẹ́ni tó wù kó ní kẹ́ẹ ṣe é.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú tó ń ro lẹ́yìn iṣẹ́ kìí sábà jẹ́ àrùn. Ó lè jẹ́ pé ó ti gbẹ, ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì lè jẹ́ gíláàsì ló ń béèrè. Ẹ kọ́kọ́ mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣe yín, torí ìtọ́jú wọn ò papọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti gbígbẹ. Tá a bá jókòó tá à ń bára wa sọ̀rọ̀, a máa ń ṣẹ́jú tó bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan, gbogbo ìgbà tá a bá sì ṣẹ́jú ni ìpéǹpéjú ń fi omi pa ẹyinjú. Tá a bá wá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó lè já wálẹ̀ sí 5 tàbí 7, òmíì ò tiẹ̀ ní pa ojú dé délẹ̀. Ẹ wá fi fáànù tẹ́ẹ kọjú sójú kún un, fi ọyẹ́ kún un, fi èéfín jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ kún un. Ojú á máa ta bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀, omijé á tún wá máa dà, ẹlòmíì á ní báwo lojú tó ń da omi ṣe lè gbẹ, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni o, ìnira yẹn ló ń ti omijé jáde, omijé ọ̀hún ò sì lóòróró tó máa jẹ́ kó dúró lójú.

Ẹ gbé fáànù kúrò níwájú. Ẹ máa ṣẹ́jú dáadáa, kí ìpéǹpéjú méjèèjì pàdé. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rẹ aṣọ tó mọ́, ẹ fún un, ẹ pa ojú dé kẹ́ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, ó máa ń yọ́ òróró tó ti dì sétí ìpéǹpéjú. Tẹ́ẹ bá fẹ́ ra nǹkan ní kẹ́míìsì, ẹ ní artificial tears, ìyẹn omijé àtọwọ́dá, lẹ fẹ́, èyí tó ní hypromellose tàbí carboxymethylcellulose nínú, tí ò sì ní steroid kankan.

Ti pé ó rẹ ojú ńkọ́? Iṣan kékeré kan wà nínú ẹyinjú tó máa ń sún kì tá a bá ń wo nǹkan tó súnmọ́ wa, ìgbà tá a bá wo ọ̀nà jíjìn ló tó ń sinmi. Ẹni tó gbé garawa omi dání láti kànga délé láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀, bọ́rọ̀ iṣan yẹn ṣe rí nìyẹn tẹ́ẹ bá tẹjú mọ́ fóònù fún wákàtí 3. Àwọn dókítà ojú máa ń ní tí ìṣẹ́jú 20 bá kọjá, kẹ́ẹ wo nǹkan tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ìyẹn bíi mítà 6, fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Tẹ́ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágere, ẹ wo pátákó tó wà lódìkejì títì, tẹ́ẹ bá wà ní láíbúrárì OAU, ẹ wo igi ìta. Kéèyàn gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà kó wá fà WhatsApp yọ, ìyẹn kìí ṣe ìsinmi rárá, iṣan yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ fi kọ̀ǹpútà sí ọ̀nà tó jìn tó apá tẹ́ẹ nà, kí òkè ẹ̀ má ga ju ojú yín lọ. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà tóbi, mi ò mọ ohun tó ń dùn mọ́ wa nínú lẹ́tà tíntìntín. Tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, ẹ má máa tẹ fóònù tó mọ́lẹ̀ rekete nínú òkùnkùn biribiri, ẹ tan àtùpà, kẹ́ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ fóònù kù. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ jẹ́ kí iná wá láti ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ tẹ́ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ò sí, kí òjìji ọwọ́ má bàa bo ojú abẹ́rẹ́, òwú dúdú lórí aṣọ dúdú, ẹ sún un di àárọ̀, kọ́sítọ́mà á dúró.

Tẹ́ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí fún bí ọ̀sẹ̀ 2 tí ò yàtọ̀, ó ku gíláàsì. Ẹni tó bá ti súnmọ́ ọdún 40 tó wá ń na fóònù jìnnà kó tó lè kàwé, ọjọ́ orí ni, kò sẹ́ni tí ò ní kàn. Gíláàsì ìkàwé tí wọ́n ń tà lọ́jà lè ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ ìwé tó súnmọ́ni ni wọ́n ṣe é fún, kọ̀ǹpútà jìnnà jùyẹn lọ, ẹ sọ fún ẹni tó ń yẹ ojú yín wò pé kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ fi wò. Ti gíláàsì tí wọ́n ní ó ń dènà blue light, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù tó ń jáde lára fóònù àti kọ̀ǹpútà, ẹ má fowó yín ṣòfò nítorí ojú ríro, ìwádìí ò fi hàn pé ó ń dín in kù. Tí ọ̀rọ̀ inú ìwé bá ń di méjì-méjì, tó sì mọ́ tẹ́ẹ bá pa ojú kan dé, ojú méjèèjì ni ò ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀.

Àwọn àmì kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró ọ̀sẹ̀ kankan: kójú ṣàdédé dínkù, kí ojú kan pọ́n kó sì máa dunni gan-an, kéèyàn máa rí òrùka yí iná ká kí èébì sì máa gbé e, kí nǹkan máa kọ mànà lójú tàbí kí àmì dúdú ṣàdédé pọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ẹ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú, ó wà nílé ìwòsàn OAUTHC n'Ífẹ̀, àwọn ará Iléṣà náà ní Wesley Guild. Ẹni tó lé lógójì ọdún, àgàgà tí glaucoma bá ti wà nínú ẹbí ẹ̀, kó lọ yẹ ojú wò bí ò tiẹ̀ dùn ún, torí irú glaucoma tó wọ́pọ̀ láàárín wa kìí dunni títí tó fi máa bojú jẹ́.

Tẹ́ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo ìgò oògùn ojú tẹ́ẹ ti ń kán dání kí dókítà rí i, ẹ sọ fún un tẹ́ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ má wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà fúnra yín lọ o, wọ́n lè kán oògùn tó ń jẹ́ kí ihò dúdú àárín ẹyinjú fẹ̀ fún yín, ojú á ṣe bàìbàì fún wákàtí mélòó kan, ẹ mú ẹnì kan dání tó máa mú yín padà sílé.