Bí a ṣe ń ya àwòrán iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ méjì jọ ń ṣe

Olùrà ní òun ò ní sanwó àfi bí ọjà bá dé ọwọ́ òun. Olùtà ní ọjà ò ní kúrò nílẹ̀ àfi bí owó bá wọlé. Ìlànà kálukú gún régé tí a bá wò ó lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Orí bébà ló ti yẹ kéèyàn rí irú èyí.

BPMN, ìyẹn àwọn àmì tí a fi ń ya bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ni ká fi ya á. OMG, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe òṣùwọ̀n fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, gbé ẹ̀dà 2.0 jáde lọ́dún 2011, àjọ ISO sì sọ ọ́ di òṣùwọ̀n àgbáyé lọ́dún 2013.

Ẹ kọ́kọ́ ya àpótí gbọọrọ kan fún iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Pool lorúkọ rẹ̀. Ẹ má tíì fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Ohun tó ń lọ láàárín wọn ni ká tò ná: ìwé ìbéèrè ọjà, ìwé owó, ọjà fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọfà tí ìlà rẹ̀ gé kélekèle fa ọ̀kọ̀ọ̀kan láti àpótí kan sí ìkejì.

Ẹ wá ya ìgbésẹ̀ sínú àpótí, àwọn tó kan ẹnì kejì nìkan. Bí ẹ ṣe ń ṣírò èrè yín, àṣírí yín nìyẹn. Ọfà tí ìlà rẹ̀ kò gé ló ń so ìgbésẹ̀ pọ̀, kò sì gbọdọ̀ ré kọjá àpótí láéláé.

Ó ku àyẹ̀wò, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ sọ àwòrán náà di àwọ̀n Petri, irú àwòrán kan tí a fi ń dán ìgbésẹ̀ wò, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé oyè ọ̀mọ̀wé tí Carl Adam Petri, ará Jámánì, kọ lọ́dún 1962. Nínú rẹ̀, òbìrìkítí ni ipò tí nǹkan wà, ìlà kúkúrú tó rí bí igi ni ìgbésẹ̀, ọfà ló sì so wọ́n pọ̀. Ohun tó wà lójú ọ̀nà láàárín iléeṣẹ́ méjèèjì, bí ọjà tàbí owó, náà ní òbìrìkítí tirẹ̀. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kan sí ìbẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìgbésẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ àfi bí òkúta bá wà nínú gbogbo òbìrìkítí tí ọfà wọn wọ inú rẹ̀. Òkúta olùrà wà ní "ń retí ọjà", ti olùtà wà ní "ń retí owó", òbìrìkítí ọjà àti ti owó ṣófo. Èwo ló lè sún? Kò sí. Bí wọ́n bá gbà pé ìdajì owó á ṣáájú, ti olùrà á sún, ti olùtà á tẹ̀ lé e.

Ẹ sún wọn títí dé òpin. Bí òkúta kan bá ṣẹ́kù sójú ọ̀nà, ìwé kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kà nìyẹn. Ìfagilé ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí: olùrà fi ìwé ìfagilé ránṣẹ́, ọjà ti kúrò nílẹ̀ lọ́dọ̀ olùtà, àwọn méjèèjì kọjá ara wọn lọ́nà. Ẹ ya ọ̀nà tí olùtà fi máa gba ìwé náà lẹ́yìn tí ọjà ti lọ, àti èyí tí olùrà fi máa dá ọjà padà, kí ẹ sì tún òkúta gbé kalẹ̀.