Síkáànì wo ló yẹ kí wọ́n ṣe fún jẹjẹrẹ àpòlúkù?

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bi mí nìyí: "èwo ló dáa jù nínú CT, PET àti MRI?" Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí èyí tó dáa jù o, ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ló máa sọ èyí tẹ́ ẹ máa lò. Tí wọ́n bá ti fi rọ́bà oníkámẹ́rà gba ọ̀fun wọlé, tí wọ́n bu ẹran díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, tó sì jáde pé jẹjẹrẹ ni, nǹkan mẹ́ta ni dókítà ń wá: báwo ló ṣe jẹ wọnú ògiri àpòlúkù tó, ìyẹn T, ṣé ó ti dé àwọn kókó tí ara fi ń bá àìsàn jà, ìyẹn N, àti ṣé ó ti ṣí lọ síbòmíì bí ẹ̀dọ̀, ìyẹn M.

CT lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, láti àyà dé ìsàlẹ̀ ikùn, wọ́n á fún oògùn tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn kedere sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì ń yọ ọ́ kúrò lára, torí náà tí kíndìnrín bá níṣòro ẹ tètè sọ. Wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ mu omi tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mu ún tán, torí àpòlúkù tó ṣófo á rún jọ bí aṣọ tí wọ́n fún, ibi tó ká jọ á dà bíi kókó, kókó jẹjẹrẹ gidi á sì fara pamọ́ sínú ẹ̀.

Tó bá dà bíi pé àìsàn náà ṣì kéré, ẹ béèrè EUS, ìyẹn rọ́bà tó ní ultrasound kékeré (ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán) lẹ́nu. Lójú ẹ̀rọ, ògiri àpòlúkù á yọ bí ìlà márùn-ún, funfun, dúdú, funfun, dúdú, funfun. Ìlà kẹrin yẹn ni iṣan ara ògiri náà, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀. Tí jẹjẹrẹ ò bá tíì kàn án, T1 ni, ìyẹn ni pé kò tíì jìn, àwọn kan níbẹ̀ ṣeé yọ láti ọ̀fun láìla ikùn. Àmọ́ EUS ò ríran jìnnà, kò lè sọ nǹkan kan nípa ẹ̀dọ̀fóró.

Ti àwọn kókó tí ara fi ń bá àìsàn jà yẹn, ìyẹn N, gbogbo ẹ̀rọ ló ń tiraka. Ìwọ̀n ni CT ń wò, kókó kékeré lè ní jẹjẹrẹ nínú, ńlá sì lè jẹ́ wíwú lásán.

PET ń lo ṣúgà tó ń tàn, ẹ ò ní jẹun fún bíi wákàtí 4 sí 6, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú. Àwọn irú jẹjẹrẹ àpòlúkù kan, bíi signet ring, kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ṣúgà yẹn, torí náà tí PET ò bá tàn, ẹ má tíì yọ̀. MRI ní tiẹ̀ wúlò nígbà tí CT rí nǹkan lára ẹ̀dọ̀ tí kò yé wọn.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú ikùn. Jẹjẹrẹ yìí máa ń fọ́n síbẹ̀ bíi orí píìnì, CT sábà máa ń kọjá lórí ẹ̀ láìrí i. Kí wọ́n tó lè rí i, ihò kékeré ni wọ́n máa lu sí ikùn, kámẹ́rà á wọlé, wọ́n á tún fi omi ṣan inú ẹ̀, wọ́n á yẹ omi náà wò, tí jẹjẹrẹ bá wà nínú omi yẹn, M1 ni, ìyẹn ni pé ó ti ṣí lọ síbòmíì, kódà kí CT mọ́ tónítóní. Tí àìsàn bá ti wọlé jìn, ẹ bi dókítà kí wọ́n tó dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ: "ṣé ẹ máa kọ́kọ́ fi kámẹ́rà wo inú ikùn ni?"