Àpá irorẹ́ tó jìn: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ lára awọ dúdú

Ẹ dúró ti fèrèsé láàárọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, kí ẹ wá wo ojú yín nínú dígí. Ibi tó dúdú lásán tí kò jìn kì í ṣe àpá, àbàwọ́n ni. Ìpara ààbò oòrùn àti oògùn ìpara yóò mú un ṣí díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí rẹ̀ gún yín lábẹ́rẹ́. Ibi tó jìn ló ń fẹ́ iṣẹ́, bí kòtò náà ṣe rí ló sì ń sọ irú iṣẹ́ tí yóò gbà.

Ẹ kọ́kọ́ kápá irorẹ́ tó ṣì ń sọ, torí àpá tuntun ni yóò máa bí. Ẹ sọ fún dókítà awọ bí àpá yín bá máa ń wú di kélóìdì, bí ilèròrò bá máa ń yọ sí yín lẹ́nu, tàbí bí ẹ bá ń lo isotretinoin, oògùn irorẹ́ tí wọ́n ń gbé mì. Bí ẹ bá ń bóra, ẹ má fi pa mọ́: ìpara tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, egbò rẹ̀ kì í sì í tètè jinná.

Kòtò fífẹ̀ tó ń pòórá bí ẹ bá fi ìka fa awọ, okùn àpá tín-ín-rín ló ń fà á mọ́lẹ̀ láti abẹ́. Gígé okùn náà ni iṣẹ́ tó ń jẹ́ subcision. Orí ìjókòó ni kí dókítà ti fi bírò sàmì sí i, torí bí ẹ bá dùbúlẹ̀, kòtò náà á fara pamọ́. Yóò fi lidocaine pa ibẹ̀ kú, yóò ti abẹ́rẹ́ wọ abẹ́ awọ láti ẹ̀gbẹ́, yóò sì máa fi í gé okùn náà kiri. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa fún bí ìṣẹ́jú 5 sí 10. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù lábẹ́, yóò di kókó líle. Ojú ibẹ̀ yóò dúdú fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Iṣan ara tó ń gbé ojú wà nítòsí ẹ̀bátí àti párì, nítorí náà iṣẹ́ dókítà ni, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù onímékọ̀ọ̀pù.

Ihò tóóró tí ẹnu rẹ̀ kò tó mìlímítà 2 ń fẹ́ ásíìdì TCA (trichloroacetic acid), tó ń jó awọ. Wọ́n á fi igi ìtayín kán an sí ìdí ihò náà nìkan, yóò funfun láàárín ìṣẹ́jú àáyá, èépá rẹ̀ á sì bọ́ fúnra rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má ṣí i. Àwọn kan ń lo ìwọ̀n 100%. Lára awọ dúdú, ó lè fi àmì funfun sílẹ̀ tàbí kó mú ihò náà fẹ̀ sí i. Ìwọ̀n tó kéré, bíi 50%, ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀.

Fún kòtò tí kò jìn púpọ̀, ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ kéékèèké ni. Ìpara lidocaine yóò wà lójú fún ìṣẹ́jú 45 sí 60. Abẹ́rẹ́ máa ń wọlé bí mìlímítà 1.5 sí 2 ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Níwájú orí tí egungun ti sún mọ́ awọ, kò gbọ́dọ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń yọ ní ṣóńṣó-ṣóńṣó, ó tó. Ẹ má fi omi fítámì C tàbí ìpara olóòórùn sí i lọ́jọ́ náà: ohun tí abẹ́rẹ́ bá tì wọnú lè wú di kókó. Róólà tí wọ́n ń tà fún lílò nílé máa ń gún awọ ní dídàgẹ̀rẹ́, á sì fà á ya.

Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló yẹ kó wà láàárín ìgbà kan àti èkejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán. Lójoojúmọ́, ìpara ààbò oòrùn SPF 30 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ààbò rẹ̀ ṣe lágbára tó) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìrora bá ń le sí i lọ́jọ́ kẹta tàbí tí ọyún yọ, ẹ padà lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí wàhálà, ẹ ya fọ́tò létí fèrèsé kan náà lẹ́yìn oṣù 3, kí ẹ sì tún yà á ní oṣù 6.