Ẹ Má Sáré Ka Ìtàn Ìdílé Tó Ń Tú Ká

Mo ti fi ìwé dá ọgbẹ́ sọ́kàn ọ̀rẹ́ mi kan rí. Ó ti ń retí ọmọ fún ọdún mẹ́fà nígbà tí mo gbé Stay With Me ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ lé e lọ́wọ́. Ìwé náà dùn mọ́ mi débi pé mi ò ro ti ohun tó ń bá fínra. Iléṣà ni Yéjídé inú ìtàn náà ń gbé ní àwọn ọdún 1980. Kò tíì bímọ, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ sì mú ìyàwó kejì wá bá a nínú ilé. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kà dé. Ó dá ìwé náà padà, kò sì sọ nǹkan kan. Ẹ má fi irú ìwé yìí ta ènìyàn lọ́rẹ láìbi í léèrè.

Àṣìṣe tí mo tún rí jù ni sísáré kà á. Òǹkọ̀wé ti jẹ́ kí a mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé nǹkan máa bàjẹ́, àwa náà á wá máa ṣí ewé wéréwéré ká lè rí bó ṣe máa bàjẹ́. Nínú Purple Hibiscus ti Chimamanda Ngozi Adichie, tó jáde ní 2003, bàbá Kambili, ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn náà, máa ń ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ tọ́ tíì òun wò nígbà tó ṣì gbóná. Tíì yẹn ń jó ọmọ náà láhọ́n, ó sì gbà pé ìfẹ́ bàbá òun ló ń jó òun. Ẹni tó ń sáré lọ síbi tí bàbá ti máa na ọmọ kò ní dúró níbi ife tíì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni a ti rí bí ìyà ṣe ń wọ aṣọ ìfẹ́ nínú ilé yẹn. Àwọn kan tún máa ń fo ibi tí àwọn ọmọ náà ti lọ sílé àǹtí wọn ní Nsukka, wọ́n ní kò sí ìṣẹ̀lẹ̀ níbẹ̀. Oúnjẹ kò pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ń rẹ́rìn-ín nídìí rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí n gbọ́ bí ilé Enugu ṣe dákẹ́ tó.

Ẹ má sì sọ ara yín di adájọ́. The Fishermen ti Chigozie Obioma, tó jáde ní 2015, ni mo fi mọ èyí. Àkúrẹ́ ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé bàbá lọ síbi iṣẹ́ ní Yola, ní January 1996 àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í pẹja ní odò tí wọ́n ti kà léèwọ̀ fún wọn. Wèrè kan tó ń jẹ́ Abulu wá sọ tẹ́lẹ̀ pé apẹja ni yóò pa Ikenna, àgbà nínú wọn. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ìwé yìí ló ti ní ọ̀daràn tirẹ̀ nílẹ̀: wèrè ni, bàbá tí kò sí nílé ni, odò ni. Àmọ́ ẹ padà síbi tí wèrè ti sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ń kọjá lọ lókè, ariwo rẹ̀ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Obembe nìkan ló gbọ́ ọ, òun ló sì sọ ọ́ fún Ikenna. Ẹnu ọmọ ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà gbà dé etí rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ta ni ẹ fẹ́ mú nínú ìyẹn? Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ẹni kan ṣoṣo mú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má ṣe gba gbogbo ohun tí ẹni tó ń sọ ìtàn bá wí. Yéjídé àti Akin ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà á sọ lẹ́nu ara wọn nínú Stay With Me. Ohun kan wà tí Akin mọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀, mi ò ní sọ ọ́ níbí. Nígbà tí Yéjídé wá bímọ tí ọmọ ń kú, ìyá ọkọ rí àbíkú, dókítà rí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ti ìyá bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn náà gan-an. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń jẹ́ Rótìmí, àwa tí a gbọ́ Yorùbá sì mọ ẹ̀bẹ̀ tó wà nínú orúkọ yẹn kí ẹnikẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Ẹ má ka méjì tẹ̀ léra. Lẹ́yìn The Joys of Motherhood ti Buchi Emecheta, níbi tí ìyá tó tọ́ ọmọ púpọ̀ ti kú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láìsí ọmọ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lè ka nǹkan mìíràn.

Ní báyìí, kí n tó yá ènìyàn ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, mo máa ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ọmọ máa kú níbí, ọkọ máa na ìyàwó níbẹ̀. Àwọn kan ní mo ń ba adùn ìtàn jẹ́. Mi ò gbà. Ìwé tí ọ̀rẹ́ mi dá padà ṣì wà lórí pẹpẹ mi, ó ká igun ewé kan níbi tó ti dúró. Mi ò tíì tú u.