Ìgbà tí ó yẹ kí a lo 4L bí píkọ́ọ̀pù bá ń wọ́ ẹrù gun òkè

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù wọ́ ọkọ̀ ẹrù ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí iṣu kún inú rẹ̀ gba àwọn ọ̀nà oko olókè ilẹ̀ Ìgbómìnà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dúró títí kílọ́ọ̀ṣì yóò fi máa rùn kí ẹ tó lo 4L, ìyẹn jíà tó lọ́ra tó sì lágbára, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń wa ọkọ̀. Ẹ dúró pátápátá nísàlẹ̀ òkè, kí ẹ yí jíà sí fíríì, kí ẹ wá bọ́ sí 4L, níbi tí ọkọ̀ kò ti ní lè sáré ṣùgbọ́n tí agbára ẹ́ńjìnnì tó dé ẹsẹ̀ táyà yóò pọ̀ sí i gan-an. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá bíréèkì di ẹrù mú. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, pàápàá ní kọ́nà, ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, ó máa ń de táyà iwájú àti tẹ̀yìn pọ̀, ìyẹn sì lè ba jíà jẹ́.