Bí a ṣe ń mọ ìpele àti àwọ̀ ìràwọ̀ gbígbóná tó ń yí kíákíá

Kí o tó sọ pé ìràwọ̀ kan jẹ́ B8 (ọ̀kan lára àwọn ìpele ìràwọ̀ gbígbóná tí a ń pè ní B), kọ́kọ́ wá iye v sin i rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n eré ìbàdí rẹ̀ tó hàn sí wa láti ibi tí a dúró sí. Ìràwọ̀ tó ń yí bí òkòtó máa ń yọ ìbàdí síta. Agbára òòfà tó ń fa nǹkan sínú (gravity) á dínkù níbẹ̀, ibẹ̀ á sì tutù ju orí rẹ̀ (pole) lọ, bí onímọ̀ ìràwọ̀ von Zeipel ti fi ìṣirò hàn ní 1924. Wo ìràwọ̀ Regulus: nǹkan bíi wákàtí 16 ló fi ń yí lẹ́ẹ̀kan, orí rẹ̀ tó 14,500 K (kelvin, ìwọ̀n ooru), ìbàdí rẹ̀ ò ju bíi 11,000 K lọ.

Wàyí o, wo spectrum rẹ̀ (ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí a pín sí àwọ̀ àwọ̀, tí àwọn ìlà dúdú wà nínú rẹ̀) ní angstrom 4471 (ìlà helium) àti 4481 (ìlà magnesium); angstrom ni a fi ń wọn ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀. Àwọn ìlà méjì yìí la máa ń fi wé ara wọn láti mọ àwọn ìpele B tó tutù jù (bíi B8), ibi tí ìṣòro sì ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àlàfo àárín wọn ò tó angstrom 10. Bí v sin i bá jẹ́ 300 km/s, ṣírò 4481 × 300 ÷ 300,000 (eré ìmọ́lẹ̀ ní km/s): ìlà kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ ní nǹkan bíi angstrom 4.5 sọ́tùn-ún àti sósì, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Wọn ò ní jinlẹ̀ mọ́, ojú á sì rò pé wọn ò lágbára. Má fi jíjinlẹ̀ wọn ṣe ìdájọ́. Mú ìràwọ̀ àfiwé tí ìlà rẹ̀ tín-ín-rín, fi kọ̀ǹpútà fẹ ìlà rẹ̀ dé v sin i kan náà, kí o tó fi wọ́n wé ara wọn. Ìlà hydrogen ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyípo kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà, ìdákọ̀ró gidi ni. Kọ n sẹ́yìn ìpele ìràwọ̀ náà bí ìlà bá fẹ̀, nn bó bá fẹ̀ gan-an: B8 IVn la ń kọ fún Regulus.

Ní ti àwọ̀, bí ìbàdí ló kọjú sí wa, B−V (ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nínú àsẹ́ B àti àsẹ́ V; bó bá ṣe ga tó ni ìràwọ̀ ṣe pupa tó) á ga díẹ̀, ìràwọ̀ náà á sì ṣókùnkùn díẹ̀. Bí orí ló kọjú sí wa, á mọ́lẹ̀ sí i, á sì búlúù sí i. Nítorí náà má ṣe gbà pé v sin i kékeré túmọ̀ sí ìyípo díẹ̀díẹ̀. Ti ìràwọ̀ Vega lé díẹ̀ ní 20 km/s, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ là ń wò. Eré ìbàdí rẹ̀ ju 170 km/s lọ. Eruku òfuurufú náà máa ń sọ àwọ̀ di pupa, torí náà bí o bá ka gbogbo pípupa sí eruku, o máa yọ pípupa kúrò ju bó ṣe yẹ lọ. Bí Hα (ìlà pupa ti hydrogen) bá sì ń tàn jáde, irú Be ni (ìràwọ̀ B tí ìlà rẹ̀ ń tàn), gáàsì tó yí i ká ń fi ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ kún un: má ṣe lo B−V rẹ̀ láti fi wá ìwọ̀n ooru.